Déètì Ọ̀la

“Kọ déètì ọ̀la sí i,” ni dókítà ẹran wí, ó na káàdì àyẹ̀wò ẹ̀rọ sí nọ́ọ̀sì rẹ̀. “Ọ̀la làwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀.”

“Ọ̀gá, a ò tíì yẹ ẹ̀rọ wò o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé rọ́bà yẹn ti gbó, ó ń jò.”

“Ṣé etí rẹ di ni? Kọ ọ́!”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Iṣẹ́ wọ́n, ẹni tó bá sì bá ọ̀gá jiyàn níbẹ̀, ilé ló ń lọ. Ó kọ “A ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára”, ó fi déètì ọ̀la sí i, ó so ó mọ́ ọrùn ẹ̀rọ tó ń fún ẹran ní afẹ́fẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ. Yíǹkì kì í kúkú di ihò rọ́bà. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀. Ó nu tábìlì tó ti nù tẹ́lẹ̀, ó ka abẹ́rẹ́, ó tún un kà.

Kò pẹ́ tí opó kan fi gbé ewúrẹ́ wọlé. Ọmọ há sí ewúrẹ́ náà nínú. Nígbà tí ọkọ obìnrin náà kú, àwọn ẹbí ọkọ kó gbogbo ẹrù lọ, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ewúrẹ́ yìí nìkan ni wọn ò kà sí.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀rọ tuntun tó wà ní yàrá inú,” ni nọ́ọ̀sì sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ajá àwọn èèyàn ńlá nìyẹn wà fún. Èyí á gbé e.”

Kò gbé e. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọmọ kejì ni rọ́bà náà fà ya. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, afẹ́fẹ́ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tuntun jáde láti yàrá inú, ewúrẹ́ ti kú.

“Màmá, ẹ ṣe sùúrù,” ni dókítà wí. “Àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ wa, ẹ wo káàdì.”

Ó rò pé obìnrin náà ò mọ̀wé. Obìnrin náà nu ojú, ó ka káàdì, ó sì yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri.

“Dókítà, ọ̀la lẹ yẹ̀ ẹ́ wò, òní lewúrẹ́ mi kú. Ta ló kọ eléyìí?”

“Nọ́ọ̀sì yìí ni,” ni dókítà yára dáhùn. “Èmi ò mọ̀ sí i.”

Ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì náà ni lóòótọ́, ó mọ́, ó gún régé. Nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ewúrẹ́ méjèèjì ń ké, wọ́n ń wá ọmú.