Òǹtẹ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Bẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí fọ́ọ̀mù yìí ń bi mí kò ju ìyẹn lọ. Ǹjẹ́ o ti dé orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì rí? Àpótí kékeré méjì ni wọ́n yà síbẹ̀, kí n sáà fi báírò fa ìlà sínú ọ̀kan, ó parí. Èmi Phebe, tí mo fi ogójì ọdún gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn Iléṣà, tí ẹ̀jẹ̀ kò bà lẹ́rù, tí ariwo kò bà lẹ́rù… àpótí kékeré méjì ló wá ń mú mi làágùn lórí bẹ́ńṣì ní Alekuwodo, ní Òṣogbo.

Kàmál ti lọ kírun Àyìlà. Ọmọ dáadáa ni, òun ló ń bá mi ṣe físà Lẹ́bánónì yìí. “Mọ́mì, ẹ jókòó síbí kí ẹ rò ó. Tí mo bá dé, ohun tí ẹ bá ní kí n kọ ni mo máa kọ.” Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé omi àlùwàlá, ó jáde. Kí n rò ó. Kí ni mo tún fẹ́ rò níbẹ̀?

Pásípọ́ọ̀tù mi wà lórí itan mi. Mi ò ní ṣí i mọ́. Mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà tí mo ti jókòó — ó ti di ẹ̀ẹ̀marùn-ún báyìí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ Ísírẹ́lì, ó mọ́ roro, kò tilẹ̀ ṣá.

Ọmọ-ọmọ mi ti dáyé! Bí mo bá rántí ìyẹn, gbogbo ara mi á tún yá. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé. Ìwàlẹwà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, ló bí i fún Mukhtar ọkọ rẹ̀, ní Báírútù níbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ. Salmah ni wọ́n sọ ọ́ níbi sùná. Wúrà ni mo sọ ọ́ ní tèmi, kò sí ẹni tó bá mi jiyàn. Láàárọ̀ yìí nínú ọkọ̀, wọ́n gbé e sójú fóònù fún mi. Ó sín. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fajú ro bí ẹni pé èmi ni mo ta á lójì. Mo pariwo nínú ọkọ̀! Gbogbo èrò ọkọ̀ ni mo gbé fóònù kiri fún, títí kan dẹ́rẹ́bà. Gbogbo wọn ló kí mi kú ewu ọmọ kí a tó dé Old Garage.

Ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀… “Mọ́mì, ẹ tètè máa bọ̀. Tí mo bá fi ọṣẹ sí i lára, yíyọ̀ ló ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún.” Nù ún! Ọjọ́ mọ́kànlá! Ọmọ-ọmọ agbẹ̀bí, tí wọ́n ń fi aṣọ tútù nù bíi tábìlì! Ta ló ń fi òrí pa á lára? Ta ló ń na apá rẹ̀, tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀? Èmi nìyí, ọwọ́ méjèèjì nìyí. Ọwọ́ tó ti wẹ ọmọ ọlọ́mọ tí kò níye.

Lẹ́bánónì. Ṣebí inú Bíbélì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ibẹ̀ ni Sólómọ́nì ti gé igi kédárì tó fi kọ́ tẹ́ńpìlì. Igi ńláńlá rìn láti Lẹ́bánónì dé Jerúsálẹ́mù nígbà náà, kò sí aṣọ́bodè tó bi í léèrè ìwé. Lónìí ńkọ́? Kàmál fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: “Mọ́mì, àwọn méjèèjì pààlà, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn. Ẹni tí òǹtẹ̀ Ísírẹ́lì bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, Lẹ́bánónì ò ní fún un ní físà. Bó bá tiẹ̀ débẹ̀, ẹnu bodè ni wọ́n ti máa dá a padà.” Kí ni mo fi ìjà wọn ṣe? Ó dà bí ẹni pé kí wọ́n dá mi dúró ní Old Garage láàárọ̀ yìí, kí wọ́n ní, Màmá, òórùn Iléṣà ń bẹ lára yín, ẹ ò lè wọ Òṣogbo, ẹ padà! Ẹ̀rín ń pa mí. Kò yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín.

Èyí tó wá dùn mí jù —

Wọn kì í lu òǹtẹ̀ náà mọ́! Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Àwa méjìlélọ́gbọ̀n ni a jọ lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹnu bodè pápákọ̀ òfuurufú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan, kó má baà fi nǹkan kan sínú pásípọ́ọ̀tù wa, nítorí irú wàhálà òní gan-an. Gbogbo wọn gba ìwé pélébé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá. Èmi dúró. Mo ní, ọmọ mi, jọ̀ọ́, lù ú fún mi. Ó ní kò pọn dandan. Mo ní ó pọn dandan fún èmi. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, àwa kì í dìde lẹ́nu ọ̀nà láìgba ohun tí a wá gbà. Julianah ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn mi, ó ń fa ìró mi, “Màmá Ìwàlẹwà, ẹ jẹ́ á lọ, ẹ ti dí àwọn ará ẹ̀yìn lọ́nà.” Mo tún na pásípọ́ọ̀tù mi síwájú. Ọmọbìnrin yẹn wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé irin náà sókè… gbàù! Inú mi dùn! Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tètè gbẹ.

Pásípọ́ọ̀tù àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù mọ́ nigín. Èmi nìkan ni mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́.

Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kí n má purọ́ fún ara mi, mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ń wa wúrà ní Iperindo, nínú kòtò tí omi mù ún dé àyà. Lọ́jọ́ kan, ó jẹ́ kí n di ẹyọ kan mú, kékeré bí ẹyin kòkòrò. Mo dé ilé ẹ̀kọ́, mo sọ fún wọn pé mo fọwọ́ kan wúrà. “Òpùrọ́! Wúrà dà?” Ọwọ́ mi ṣófo. Gbogbo kíláàsì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà fi parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lára ògiri, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì wà lára ògiri. Nígbà tí mo sì tẹ Jerúsálẹ́mù, mo ní láé, ẹnikẹ́ni kò ní bi mí pé ó dà. Mo fi òǹtẹ̀ yẹn han ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mo fi han télọ̀. Mo fi han ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe…

Nehemiah àbúrò mi ní, “Ẹ fà á ya, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣebí ìwé lásán ni.” Kàmál fẹ́rẹ̀ẹ́ subú lórí àga nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. “Háà! Mọ́mì, ẹ̀wọ̀n nìyẹn o!” Àwọn kan ní kí n lọ búra ní kóòtù pé ó sọnù, kí n gba tuntun. Sọnù níbo? Orí itan mi níbí? Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbà á lọ́nà tó tọ́, fọ́ọ̀mù náà á ṣì bi mí. Ìjọba lè fún mi ní pásípọ́ọ̀tù tuntun, wọn ò lè fún mi ní ẹsẹ̀ tí kò dé Jerúsálẹ́mù rí.

Ó wá ku kí n fa ìlà sínú bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlà kékeré… Ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n mú wa dé àgbàlá kan tí wọ́n ní ibẹ̀ ni Pétérù ti sẹ́ Olúwa. Mo mirí. Mo pòṣé gan-an! Mo ní, irú èèyàn wo nìyí, iná lásán ló ń yá, kò sí ẹni tó na ẹgba sí i. Èmi nìyí lórí bẹ́ńṣì. Kò sí ẹni tó na ẹgba sí èmi náà.

Rárá. Mi ò lè sọ pé n kò débẹ̀. Ọjọ́ tó dùn jù láyé mi, kí n fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́? Mi ò lè ṣe é.

Ta ni yóò wá wẹ ọmọ?

Mo mọ ẹni tó lè lọ. Mo ti mọ̀ ọ́n láti àná, n kò kàn fẹ́ kí ọkàn mi pe orúkọ rẹ̀ ni. Àna mi. Àlhájà Sikirat, ìyá Mukhtar. Pásípọ́ọ̀tù tiẹ̀, Mẹ́kà nìkan ló dé. Ilé rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ yà láàárọ̀, mo bá a nídìí ìkòkò aró, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. “Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin fúnra yín? Súbúhánalláhì!” Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwa àgbààgbà méjì, omi ń bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà, ó fi ìborùn nu ojú. Mò ń dúró kó sọ pé òun á lọ. Mo ti di èsì mi sẹ́nu láti Old Garage: pé èmi ni ìyá ọmọ, pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà, pé kí a ní sùúrù ná. Kò sọ ọ́. Ó bu omi tútù fún mi, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, àna mi. Ọ̀nà á là, ìnṣà Allah.” Mo gbé èsì mi tí mi ò lò jáde nílé rẹ̀.

Èéṣe tí inú fi ń bí mi sí ẹni tí kò sọ nǹkan kan?

Nítorí pé mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tèmi. Kò sí ohun méjì. Kí wọ́n máa wí lọ́jọ́ iwájú pé, ìyá Iléṣà ló wẹ ọmọ yìí, ẹ ò rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe gún, ẹ ò rí apá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé ó dà… Háà, Phebe. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá! Ọmọ lo tún fẹ́ lu òǹtẹ̀ sí lára yìí.

Dúró ná. Báàgì yẹn.

Báàgì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Àlhájà láàárọ̀. Mo rí i nígbà tó ń wá ife. Síìpù rẹ̀ ṣí díẹ̀, òrí wà nínú rẹ̀, kànìnkànìn tuntun tí kò tíì kan omi wà nínú rẹ̀, àti fìlà ọmọ kéékèèké tó fúnra rẹ̀ rẹ láró. Mo rò pé ẹrù tí ó fẹ́ kí n bá òun gbé ni. Ṣùgbọ́n orúkọ wà lára báàgì náà, gàdàgbà-gàdàgbà, bí àwọn alálàájì ṣe máa ń kọ ọ́. Orúkọ tirẹ̀ ni. Eruku sì ti bo orúkọ náà.

Eruku. Ó ti pẹ́ tó ti dì í.

Ìyẹn ni pé… lọ́jọ́ tó pè mí jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó ní, “Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ, àna mi. Ìyá ni ọmọ ń wò lójú lásìkò báyìí, ẹ sì tún jẹ́ nọ́ọ̀sì,” ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì! Ó ti múra tán. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ńkọ́? Mo dé ilé, mo sọ fún Julianah pé ẹ̀rù bààlúù ló ń bà á. Àlhájà tó ti fò dé Mẹ́kà! Kò sì sí ẹni tó mọ̀. Kò fi han ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ yìí pàápàá, tí ọ̀nà là fún un gbayawu, ó bu omi tútù fún mi, ó ń rọ̀ mí pé kí n fọkàn balẹ̀.

Ọlọ́run mi. Irú àna wo lo fún mi yìí?

Ó ń ta mí lára díẹ̀ pé kì í ṣe èmi ni yóò lọ. Jẹ́ kó ta mí. Kò pa mí. Ayọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ikùn mi bí ẹ̀rín àárọ̀. Kàmál ń bọ̀ lókèèrè, omi ṣì wà lápá rẹ̀, ó ń wojú mi bí ẹni tó ń bẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ. Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Fọ́ọ̀mù tuntun ni kó mú wá, ti Àlhájà. Mi ò ní lọ sí Iléṣà lọ́sàn-án yìí, ilé Àlhájà ni mò ń lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ìyá ọkọ òun ló wẹ gbogbo ọmọ òun, pé òun ò fi ọmọ òòjọ́ sómi rí. Màá kọ́ ọ. Màá ní kó wá iṣu kan tó tóbi tó ọmọ, ká fi ọṣẹ pa á kó máa yọ̀, kó gbé e lé itan. Àti lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, kí Ìwàlẹwà kọjú fóònù sí wọn. Èmi á jókòó sí Iléṣà, màá máa pariwo dé Báírútù. Ọwọ́ òsì sábẹ́ ọrùn, àna mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ létí. Ẹ jẹ́ kó ké, igbe ò pa ọmọ. Ẹ yí i padà báyìí, ẹ gbé àyà rẹ̀ lé apá yín…

Ẹ rọra, àna mi. Ẹ rọra. Ọmọ wa ni.