Igi tí Borghild Tò

Kò sí ẹni tó gba iwájú ilé Gunnvald kọjá tí kò mọ òkìtì igi náà. Ó gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ibi tí ọgbà parí sí, orí igi kọ̀ọ̀kan sì tẹ́jú bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ní àfonífojì olótùútù tí wọ́n ń gbé yẹn, igi ìdáná ni wọ́n fi ń mọ ìwà ènìyàn. Ẹni tí òkìtì rẹ̀ bá wó, wọn ò ní fún un lọ́mọ fẹ́, wọn ò sì ní yá a ní àkàbà. Borghild ìyàwó Gunnvald ló to òkìtì yìí nígbà tí yìnyín yọ́. Kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, àìsàn ti mú obìnrin náà lọ.

Láti ọjọ́ náà, Gunnvald ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igi náà, òun alára ò sì fọwọ́ kàn án. Igi tútù tó ń gé nínú igbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kó sínú iléru tó wà ní yàrá abẹ́ ilé, igi tí oje rẹ̀ ń ṣe ṣìì-ṣìì nínú iná bí ẹja nínú òróró. Èéfín ń yọ bí ẹni ń sun igbó. Ó ní ìkùukùu ni.

Ogójì ọdún ni tọkọtaya yìí fi pín iṣẹ́: Borghild ń kó igi wọlé, Gunnvald ń dáná. Bó bá ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, obìnrin náà á ní, "Jókòó sídìí iléru rẹ jàre. O ò mọ igi í yọ, wàá da gbogbo ẹ̀ wó." Gunnvald á sì yára jókòó, nítorí ọ̀lẹ díẹ̀ ò ṣàì sí lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún nídìí iléru yẹn ni àga rẹ̀ aláwọ̀ ewé tó pòórá ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àga náà burẹ́wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, Borghild ò sì fẹ́ rí i sójú. Nígbà tí wọn ò rí àga náà mọ́, Borghild ní olè ló gbé e. Oddleiv, aládùúgbò rẹ̀, ni Gunnvald fura sí, láti ìgbà náà ni kò sì ti kí i mọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Sunniva dé, ọmọbìnrin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń rán kiri láti gbá ihò èéfín, ihò tí èéfín iléru ń gbà jáde lórí òrùlé. Ó gun orí òrùlé, ó ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ inú ihò náà, nígbà tó sì sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn rárá.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń jó?"

"Igi ni."

"Irú igi wo?"

"Igi gbígbẹ. Ó gbẹ ju ọ̀fun mi lọ."

Sunniva fi ohun tó wà nínú korobá rẹ̀ hàn án. Ó dúdú, ó le, ó ń dán. "Èéfín igi tútù ló dì báyìí. Tí iná bá ràn mọ́ ọn lókè yẹn, ilé yìí á lọ bí ìṣáná."

"Bàbá mi fi irú igi yìí dáná títí ó fi kú."

"Ṣé iná ló pa wọ́n?"

"Rárá o. Òtútù ni."

Sunniva pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí páálí kan tó kún fún eérú. "Ta ló da eérú sínú páálí?"

"Ó ti tutù."

Sunniva gbé e. Ìdí páálí já, ẹyin iná mẹ́ta sì yí gbirigbiri lọ sórí pákó. Gunnvald fi ìbọ̀sẹ̀ òwú tẹ̀ wọ́n pa, ó ń fò sókè, ó ń ké, ijó tí kò tíì jó láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Korobá irin onídèérí tẹ́ ẹ fi ń kó eérú ńkọ́?"

"Borghild gbin òdòdó sínú ẹ̀."

Sunniva wo òdòdó náà. Ó ti kú tipẹ́. Ó mú igi kan lára èyí tí Gunnvald ń jó, ó fi ọṣẹ pa orí rẹ̀ kan, ó ní kí bàbá fẹnu fẹ́ orí kejì. Gunnvald fẹ́ ẹ títí etí rẹ̀ fi pọ́n. Kò sí ìhó ọṣẹ tó jáde, nítorí igi tútù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá.

"Èémí mi ni ò tó. Àgbà ti dé."

Kó tó pariwo, ọmọbìnrin náà ti fa igi kan yọ lára òkìtì Borghild, ó ti fi ọṣẹ pa á, ó sì nà án sí i. Gunnvald rọra fẹ́ ẹ. Ìhó ọṣẹ funfun hó yọ lórí kejì, ó ń pọ̀ sí i. Ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín," Sunniva wí. "Tí mo bá tún bá igi tútù níbí, màá ti iléru yẹn pa."

Gunnvald mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Torhild ọmọ rẹ̀ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè é ní ìlú ńlá Oslo, ní àjà keje, nínú ilé tí kò ní iléru tí ènìyàn lè dáná sí.

"Òun ló tò ó, Sunniva. Tí mo bá jó o tán, kí ló kù?"

"Ṣé ìwòran ni wọ́n tò ó fún ni, Bàbá?" Ó gbé àkàbà rẹ̀. "Ẹ má fi igi tí wọ́n kùn ní pẹ́ǹtì sí i o. Májèlé ni èéfín ẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, Gunnvald hú òdòdó kúrò nínú korobá, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ igi. Iwájú nìkan ló dára. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kùkùté, gbòǹgbò wíwọ́ àti ẹ̀ka lóríṣiríṣi, tí wọ́n kàn jù síbẹ̀ lọ́nà jákujàku.

"Borghild! Jìbìtì lo fi ogójì ọdún lù wá ní àdúgbò yìí!"

Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. Ó fà á jáde. Aṣọ òjò Borghild ni, wọ́n fi wé àga aláwọ̀ ewé kan burúkú-burúkú. Wọ́n ti kan ìṣó tuntun mọ́ ẹsẹ̀ tó máa ń mì.

Gunnvald dúró, ó ń ronú. Ọdún mẹ́wàá. Lọ́dọọdún ni obìnrin yìí ń gbé e láti inú òkìtì kan bọ́ sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí òun yọ igi. Àmọ́ lọ́dún yìí tí ara rẹ̀ ò yá, ọ̀wọ́ igi kan péré ló fi bò ó, bí ẹni tó fẹ́ kí òun rí i.

Oddleiv ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lẹ́yìn ọgbà.

"Oddleiv, ẹ káàárọ̀ o!" Gunnvald ké.

Ṣọ́bìrì já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Gunnvald gbé àga sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí iléru, ó kó igi Borghild sínú rẹ̀, ó ṣáná sí i. Iná náà ràn kíá, kò ṣe ṣìì rárá. Ó jókòó. Àga náà ò mì.

"Olè," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Olè ni ẹ́, Borghild."