Omi Inú Àgbo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọtí ń gbà wọ ilé onígbàgbọ́, kó má wulẹ̀ ṣọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Kó lọ wo ibi tí wọ́n ń kó òògùn sí. Nílé Olúdọ̀tun ní Abbeydale, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, inú basement, yàrá abẹ́ ilé, ni, lẹ́yìn àga tí àna rẹ̀ máa ń jókòó sí, nínú ike ńlá kan tí egbò àti èèpo igi kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àgbo làkúrègbé ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé àgbo ni. Olúdọ̀tun àti ẹni tó ń mu ún nìkan ló mọ ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́.

Bàbá Adéjùmọ̀ lorúkọ àna rẹ̀ yìí, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, alàgbà nínú ìjọ, ẹni tí kò fi ọtí kan ẹnu láti kékeré. Níbi ìgbéyàwó Sẹ̀gilọlá ọmọ rẹ̀, malt ló ní kí wọ́n fi pa òùngbẹ gbogbo èrò, àwọn ẹbí Olúdọ̀tun sì kùn títí wọ́n fi délé. Nígbà tí ìyàwó bàbá kú ní Ìjẹ̀bú, Sẹ̀gilọlá ní kí bàbá òun máa bọ̀ ní Calgary. Bàbá dé tòun ti egbò nínú àpótí. Nílé ní Ìjẹ̀bú, omi ògì ló fi ń rẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n snow dé, orúnkún ń ro ó, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, English ni ọmọ-ọmọ fi ń dá a lóhùn, bàbá wá ń jókòó sí basement látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń wo ògiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un lórí WhatsApp pé ní ilẹ̀ tó tutù tó bẹ́ẹ̀, ọtí funfun bí ògógóró nìkan ló lè fa agbára egbò jáde.

"Olúdọ̀tun," ni bàbá wí lọ́jọ́ náà, "bá mi ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ọtí tó bá ti wọ inú egbò ti di òògùn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Sẹ̀gi, kò ní yé e. Jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ìwọ."

Kí ni ọkùnrin fẹ́ wí? Àna ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn. Olúdọ̀tun fọwọ́ kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti parí, Daddy."

Ẹnjiníà ni Olúdọ̀tun. Ilé-iṣẹ́ epo kan ní downtown ló ti ń ṣiṣẹ́ kí owó epo rọ̀bì tó já wálẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù wọn sínú páálí. Láti ìgbà yẹn, mọ́tò rẹ̀ ló fi ń gbé èrò kiri ìlú, owó Sẹ̀gilọlá ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé. Àna mìíràn ì bá ti máa yọ ṣùtì sí i. Bàbá yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí Olúdọ̀tun gbé páálí rẹ̀ wọlé, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn tí kò lè bọ́ bàtà, bàbá ló wá jókòó tì í. "Iṣẹ́ ló sọnù," ó ní, "ìwọ kọ́ lo sọnù." Olúdọ̀tun fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bó ṣe fẹ́ràn bàbá tó bí i lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ra ọtí náà tí kò janpata.

Ife kékeré kan ní òwúrọ̀ ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Ó di ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́. Ti ọ̀sán náà yọjú. Kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìgò ike ńlá kan kì í lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Egbò kan náà ló ṣì wà nínú ike, ó ti ṣá, ó ti funfun, kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tún lè fà jáde. Olúdọ̀tun ṣàkíyèsí pé ọwọ́ bàbá máa ń gbọ̀n láàárọ̀, tó bá sì ti mu ife àkọ́kọ́ tán, ọwọ́ á dúró. Ó rí i, ẹ̀rù bà á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sẹ̀gilọlá ní tiẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀ka emergency ní ọsibítù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí iṣẹ́ epo ti dáwọ́ dúró, àwọn ọkùnrin tí ọtí ti bà jẹ́ ni wọ́n ń gbé wá bá a lójoojúmọ́. Àánú wọn ń ṣe é, inú sì ń bí i. Ló bá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fẹ́ kí ìjọba fi òfin dá iye kan lé ọtí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á ní owó tó kéré sí i. Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí ní hall àdúgbò, ní ọ̀sán Sátidé kan. Olúdọ̀tun fi mọ́tò gbé bàbá lọ. Iwájú ni bàbá jókòó sí, ó dé fìlà, ó gbé ọ̀pá lé itan. Ìgò tuntun wà nínú búùtù.

Sẹ̀gilọlá mọ ọ̀rọ̀ sọ, a kò lè jiyàn ìyẹn. Ó ní ọtí olówó pọ́ọ́kú inú ìgò ike ńlá wọ̀nyẹn ló ń kó èèyàn wá sórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ní ẹni tó ń mu wáìnì olówó gọbọi kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òfin kankan wà, ẹni tí ọtí ń pa lọ ni òfin náà máa gbà là. Bàbá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ọtí tó wà nítòsí wọn, níbi tí Olúdọ̀tun ti ń ra ti bàbá, dìde, ó ní irọ́ ni, pé olówó á máa mu tirẹ̀ lọ, ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tún fìyà jẹ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Ariwo sọ.

Ni òyìnbó àgbàlagbà kan bá dìde lẹ́yìn. Iṣẹ́ rig, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ló ṣe títí wọ́n fi dá a dúró. Ó di ẹ̀yìn àga mú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ò wá jà. Ó ní kí wọ́n fowó lé e, kí wọ́n má fowó lé e, kí wọ́n ṣáà mọ ohun kan: ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó lè kú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àbúrò òun ṣe kú sínú kíṣìnì, tí kò sí òórùn ọtí kankan lẹ́nu rẹ̀.

"Òótọ́ ni, sir," ni Sẹ̀gilọlá dá a lóhùn. Ó ní ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó wá sí ọsibítù, kó sì sọ òótọ́ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn gún Olúdọ̀tun lọ́kàn. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó wo ọwọ́ bàbá lórí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ó tún wo fìlà bàbá, ó rántí Bíbélì rẹ̀, ó rántí malt ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní àwọn ọ̀mùtí lọkùnrin yìí ń bá wí, kò bá alágbo wí. Ẹnjiníà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya epo kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, òun náà ló jókòó síbẹ̀ tí kò lè ya ọtí sọ́tọ̀ kúrò lára òògùn.

Ìjọba ò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ kí àdúgbò máa fojú burúkú wo òun. Ó kó ìgò ike ńlá ọtí olówó pọ́ọ́kú kúrò lórí àtẹ fúnra rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ló gbé ìròyìn náà wọlé, wọ́n wà nídìí oúnjẹ.

"They've removed it! Gbogbo ẹ̀ pátá! Daddy, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa wọ̀ wọ́n létí?"

"Olúwa á túbọ̀ máa lò ẹ́," ni bàbá wí. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú abọ́, kò sì gbé e mọ́.

Ìgò tó wà nílẹ̀ gbẹ lálẹ́ ọjọ́ Tuesday. Olúdọ̀tun lè wa mọ́tò dé àdúgbò Martindale lọ wá òmíràn. Ó tiẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ ó wá ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run ló la ọ̀nà yìí, kí nǹkan náà lè parí ní ìdákẹ́jẹ́ láìsí pé ojú ẹnikẹ́ni ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Ó bu omi sórí egbò láàárọ̀ ọjọ́ Wednesday, ó sì bu ife kan lọ fún bàbá.

Bàbá tọ́ ọ wò. Ó gbójú sókè, ó wo Olúdọ̀tun. Ó mọ̀. Olúdọ̀tun náà mọ̀ pé ó mọ̀. Kí bàbá ṣáà bi í pé ọtí dà, ohun gbogbo ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá bi í, á jẹ́ pé ọtí náà ló ń mu láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe egbò. Alàgbà kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu. Ó mu omi egbò náà títí dé ìsàlẹ̀ ife, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní.

Ní Thursday, kò lè jẹun, òógùn ń bò ó nínú basement tó tutù. Ní Friday, gbogbo ara ló ń gbọ̀n. Sẹ̀gilọlá wọn ìgbóná ara bàbá wò, ó tẹ inú rẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ infection nínú ìtọ̀, pé bó ṣe máa ń ṣe àwọn àgbàlagbà nìyẹn, ó sì pe dókítà wọn lórí fóònù kó kọ òògùn. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé bàbá ẹlòmíràn ni, ojú ẹsẹ̀ ni ì bá ti mọ̀. Nígbà tó jáde lọ síbi iṣẹ́, Olúdọ̀tun sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Daddy, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a. Mo lè rí i níbòmíràn."

"Kí lo fẹ́ wá?" Eyín bàbá ń gbá ara wọn. "Ṣé kí Sẹ̀gi tó dúró níwájú àwọn òyìnbó yẹn wá gbọ́ pé bàbá òun... Rárá o. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Dìde nílẹ̀."

Ó dìde. Ọ̀rọ̀ àna ni, ó sì tún gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ Sátidé, Olúwadùnsìn ọmọ wọn sáré gòkè wá. "Dad, Grandpa's talking to somebody. There's nobody there."

Ìjàlọ ni bàbá ń já kúrò lára aṣọ rẹ̀ nígbà tí Olúdọ̀tun débẹ̀, ìjàlọ tí kò sí níbẹ̀. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pé kó ti ilẹ̀kùn. Sẹ̀gilọlá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ kóòtù tí gìrì fi gbé bàbá rẹ̀ lórí àga. Àwọn ará ambulance dé, wọ́n kúnlẹ̀ tì í. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé ó ń mutí.

"My father?" Sẹ̀gilọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Never. Not a drop in his life."

Olúdọ̀tun la ẹnu. Ojú bàbá ṣí, ó sì dúró sára rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé bàbá rí i tàbí kò rí i. Olúdọ̀tun pa ẹnu dé, wọ́n sì gbé bàbá lọ.

Ó fi Dùnsìn sílé aládùúgbò, ó mú ìgò òfìfo náà láti ibi tó fi í pamọ́ sí, ó tẹ̀lé wọn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ sọ. Èmi ni mo rà á. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá kọ́, èmi ni mò ń rà á. Ìtìjú ń bò ó bí ẹni pé ó ti wà níwájú wọn. Nígbà tó dé ọsibítù, ó kàn na ìgò náà sí ìyàwó rẹ̀ ni.

"Inú àgbo," ó ní. "Ojoojúmọ́, Sẹ̀gi. Láti ìgbà òtútù."

Sẹ̀gilọlá ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yíjú sí dókítà tó dúró tì wọ́n, ó ní, "He drinks. Every day." Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹlòmíràn.

Dókítà kò béèrè ẹni tó rà á. Kò bìkítà fún ìyẹn rárá. Olúdọ̀tun ni ó wò. Ó ní, ìgbà wo ló mu ún kẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ tí Olúdọ̀tun ti ń tò pọ̀ látilé túká lẹ́nu rẹ̀. "Tuesday," ó ní. "After that, na water. I gave him water."

Dókítà sáré wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Omi?" Sẹ̀gilọlá di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Daddy Dùnsìn, lójijì báyẹn? Ta ló ní kó o gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Ta ló sọ fún ẹ?"

Èsì wà lẹ́nu Olúdọ̀tun. Ó rí ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo èrò hall yẹn, ó rí bàbá tó ń pàtẹ́wọ́ ní ìlà iwájú, ó rí Sẹ̀gilọlá nídìí oúnjẹ tó ń yọ̀ pé wọ́n ti kó ọtí kúrò lórí àtẹ. Ó gbé èsì náà mì.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ó ní. "Mo dá a ṣe ni."

Sẹ̀gilọlá ṣì di aṣọ rẹ̀ mú nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Dókítà yẹn náà ni. Eré ló sá wọlé. Kò sáré mọ́, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.