Àtè Inú Katakata Avrankou

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án."

Bàbá Gbadamassi ti ti ìka bọ inú agolo àtè. Ó gbé ìka náà sókè, àtè pupa ń fà tẹ̀lé e bí oyin, ó sì wo Soumanou bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Orí tábìlì iṣẹ́ tó wà láàárín wọn ni júwẹ́n tuntun wà, awẹ́ pẹlẹbẹ kan tó ní ihò káàkiri, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sáàárín ara ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ kí omi, epo àti iná má baà pàdé. Cotonou ni Soumanou ti rí i rà, ó sì pẹ́ kó tó rí i, nítorí láti ìgbà tí Ìyípadà àwọn ológun ti dé, nǹkan òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́.

"Kí ni kí n má fọwọ́ kàn?"

"Júwẹ́n yẹn. Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ tẹ́ ẹ, ní gbígbẹ. Kò nílò àtè."

"Ní gbígbẹ." Bàbá tún ọ̀rọ̀ náà sọ jẹ́jẹ́. "Gbogbo ìgbà tí o fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ṣé o rí mi kí n tẹ́ júwẹ́n kankan ní gbígbẹ rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ta ló wá kọ́ ẹ?"

Soumanou yí ojú sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́. Ní àná ló ṣí orí ẹ́ńjìnnì katakata ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Avrankou, ó sì rí ìdí tó fi gbóná títí tí júwẹ́n àtijọ́ fi jó. Àtè tí wọ́n fi kùn ún nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún tó kọjá ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, àtè náà rọ́ sínú àwọn ihò omi, ó gan síbẹ̀, ó sì dí wọn pa. Soumanou fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ jáde, ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó sì gbé e pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Lọ́dún tó kọjá yẹn, ibà ló dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Bàbá Gbadamassi, tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Bàbá yìí ló gbà á sọ́dọ̀ nígbà tí kò ní baba mọ́. Òun ló fi iṣẹ́ sí i lọ́wọ́, òun náà ló fi ọmọ rẹ̀ Aïssatou fún un. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Aïssatou gbé àkàsà àti ẹja díndín wọlé, ó rí ojú àwọn méjèèjì, ó sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó fi orí pe ọkọ rẹ̀ síta, sábẹ́ igi máńgòrò.

"Jẹ́ kó kùn ún," ló sọ lóhùn kékeré. "Tó bá ti lọ kírun àílà, kí o fi pẹtiróòlù nù ún kúrò. Kò ní mọ̀. Inú rẹ̀ á dùn, iṣẹ́ rẹ á sì dára."

Soumanou rò ó wò. Ọ̀nà ìrọ̀rùn ni lóòótọ́. "Tí mo bá nù ún lónìí, á tún kùn ún sára ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn lọ́la," ló sọ. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, Aïssa, ọmọdé là ń tàn bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe ọmọdé."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni mo máa tẹ́ ẹ, ìṣojú rẹ̀ náà ni màá sì ti tẹ́ ẹ."

Kó tó padà wọlé ni alùpùpù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hilaire ni, aṣojú ìgbìmọ̀ Ìyípadà ní Avrankou. Olùkọ́ ni kó tó di aṣojú, ohùn rẹ̀ sì tutù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Ehuzu," ó fi èdè Fọ̀n kí wọn pé nǹkan ti yí padà, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn láyé ìgbà náà.

"Dandan," ni wọ́n dáhùn.

"Kámáráàdì Soumanou, òjò ti ń ṣú. Gbogbo Avrankou ń retí katakata yìí, ilẹ̀ ẹgbẹ́ kò sì tíì ní ebè kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀gá mi ń béèrè orúkọ. Wọ́n ní ẹni tó tún un ṣe lọ́dún tó kọjá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni, pé ọ̀tá Ìyípadà ni. Ta ló tún un ṣe?"

Bàbá Gbadamassi gbé ojú sókè láti orí àpótí tó jókòó sí nínú ilé iṣẹ́. Kó tó lanu, Soumanou ti sọ̀rọ̀.

"Ilé iṣẹ́ yìí ló tún un ṣe, èmi ni mo sì ni ilé iṣẹ́ yìí. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Omi ni kò rọ́nà gbà nínú ẹ́ńjìnnì. Mo ti la ọ̀nà náà báyìí."

"Ṣé orúkọ rẹ ni kí n sọ fún wọn?"

"Orúkọ mi ni kí ẹ sọ."

Hilaire na ìka sí katakata náà. "Tó bá tún dákú lójú àwọn èèyàn, mi ò ní lè gbà ẹ́ sílẹ̀ o."

"Mo gbọ́. Kò ní dákú."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Hilaire ní òun ń lọ wá gàsóìlì, epo katakata, ní Ouando, òun á padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Gbadamassi dìde. Ó ti nu ìka rẹ̀ mọ́ èkísà. "Kí ló dí ọ̀nà omi náà?"

Kò tún sí ibi tí Soumanou lè yà sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí tábìlì, ó fa agolo mílíìkì náà jáde, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Àwọn ègé pupa tó le bí èkùrọ́ ni. Bàbá fi àtàǹpàkò yí ọ̀kan. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Èmi nìyí," ló sọ níkẹyìn. "O sì dúró síbẹ̀ o ní ìwọ ni."

"Ilé iṣẹ́ ni mo sọ, Bàbá."

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ." Ó jókòó padà sórí àpótí. "Nígbà tí à ń tún ọkọ̀ àwọn òyìnbó ṣe, júwẹ́n kan ṣoṣo la ó máa yọ, la ó máa tẹ́ títí tí yóò fi kún fún ọgbẹ́. Àtè ló ń dí ojú ọgbẹ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Ó gbà wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n tuntun lèyí, kò ní ọgbẹ́ lára."

Bàbá mú júwẹ́n tuntun náà, ó fi ìka tọ́ ọ yípo. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí katakata. Ó pa ojú dé, ó sì ń fi ọwọ́ ra ojú irin ẹ́ńjìnnì náà lọ láti òpin kan dé èkejì. Ó dúró níbì kan.

"Fọwọ́ kàn án níbí."

Soumanou fọwọ́ kàn án. Ó ga díẹ̀, bí àpá ara tó ti jinná. Ojú òun ti fò ó.

"Àtè ì bá bo èyí mọ́lẹ̀," ni bàbá wí. "Tí o bá fẹ́ tẹ́ ẹ ní gbígbẹ, ojú irin rẹ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Gbé bébà oníyanrìn wá."

Wọ́n họ ọ́ pa pọ̀, wọ́n fi irin gbọọrọ wọ̀n ọ́n, wọ́n tún họ ọ́, títí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè gba abẹ́ irin náà kọjá mọ́. Soumanou tẹ́ júwẹ́n náà bó ṣe wà, kò sí àtè lára rẹ̀. Wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lé e, wọ́n sì ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí etí, bàbá ń tọ́ka, Soumanou ń dè é. Nígbà tí wọ́n tan án, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké geerege. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tí Hilaire fi gbé gàsóìlì àti awakọ̀ katakata dé. Omi rẹ̀ kò hó, ibi kankan kò sì jò.

"A ó tẹ̀ lé katakata náà dé oko," Soumanou sọ fún un. "Tó bá ti ṣiṣẹ́ tó gbóná dáadáa, tó sì tún tutù, a ní láti tún àwọn nọ́ọ̀tì náà dè."

"Ta ni ‘a’?" ni Hilaire béèrè.

Bàbá Gbadamassi ti wọ bùbá rẹ̀, ó sì ti di ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ mú. "Èmi àti òun. Àwọn ará Avrankou rí mi lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo ń tún un ṣe. Ó yẹ kí wọ́n rí mi lọ́dún yìí náà, kí n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn fúnra mi."

Soumanou fẹ́ sọ pé kó dúró sílé. Aïssatou náà ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo bí ọwọ́ bàbá ṣe di irin náà mú, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ká àpò kan, ó tẹ́ ẹ sórí irin tó bo táyà ńlá ẹ̀yìn kó má baà le jù, ó sì na ọwọ́ sí bàbá.

"Ẹ jókòó síbí, Bàbá. Ẹ̀yìn yín ni màá dúró sí."