Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìwọ́

Ìkírámátù kò dúró kí Paul, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwádìí àìsàn, parí ọ̀rọ̀. Ó já ìwé èsì àyẹ̀wò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka wá nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì. Nọ́ńbà ọmọ tirẹ̀ nìyẹn, Nàjíbù, tí ibà pọ́njú pa ní ọmọ oṣù márùn-ún.

Ọdún kan gbáko ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò Zongo. Àmì àìsàn náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń mu àgbo ju àwọn yòókù lọ. Ìkírámátù gan-an ló ń bi àwọn ìyá pé, “Ṣé ọmọ yín ń mu àgbo?” Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ta ló sì ń se àgbo fún Nàjíbù bí kò ṣe Kúlúsúmù, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀? Ó lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Arzèkè, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ayé: “Ẹ̀yin lẹ pa á!” Oṣù mẹ́ta rèé, ìyá kò dé ọjà mọ́.

Àfi ìgbà tó bi obìnrin kan ní Zongo ní ìbéèrè yìí, tí ìyẹn fi í rẹ́rìn-ín. “Tàntí, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò pọ́n, kí ni yóò fi àgbo ṣe?”

Ìkírámátù kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ìgbà wo ni àgbo bẹ̀rẹ̀. Nàjíbù náà ńkọ́? Ojú rẹ̀ ti pọ́n kí ìyá tó gbé ìkòkò kaná! Ó bẹ Paul títí tó fi yẹ ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ àwọn ọmọ náà wò, èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ ìbí tí wọ́n fi sínú fìríìjì.

“Àmì náà wà níbẹ̀,” ni Paul wí jẹ́ẹ́, bí ìka Ìkírámátù ti dúró lórí nọ́ńbà náà. “Lára ti Nàjíbù, àti lára gbogbo àwọn tó ṣàìsàn.”

Ìkírámátù gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí àdúgbò Albarika, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

“Màmá, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe àgbo yín. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ látọjọ́ tí mo bí i.”

Kúlúsúmù gbé orí sókè. “Kí ló wá fà á?”

“A ò tíì mọ̀.”

“Ṣé ẹ máa mọ̀?”

Ìkírámátù ká ìwé èsì náà pọ̀ lọ́wọ́.

“Mo ti gbà pé èmi ni mo pa á,” ni ìyá wí. “Ó burú o, àmọ́ mo mọ ẹni tí mò ń bá jà.”

Ìkírámátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ìbínú fi ń jí i láràárọ̀, tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tó ń rán an lọ síbi iṣẹ́. Kò mọ ohun tí yóò jí i lọ́la.

Ìyá rẹ̀ sún fún un lórí ẹní.