Fọ́ọ̀mù Méjìdínlógún

Mẹ́rin. Méje. Mọ́kànlá. Mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlélógún. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Méjìdínlógójì. Mẹ́jọ péré ni, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ tèmi. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, kò dín.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe ìdánwò ìṣirò. Ogún ìbéèrè, wákàtí kan. Mò ń rìn láàárín àga wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn, àmọ́ bí wọ́n bá jí ara wọn wò lónìí, mi ò ní rí i. Fóònù wà nínú àpò mi, ó ń gbóná mọ́ mi nítan... tàbí èmi gan-an ni mò ń gbóná. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ mi wà nínú ẹ̀. "Màmá mi, ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní kí n tó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí n bá òbí mẹ́jọ sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé yín. Mo ti yan nọ́ńbà wọn. Mò ń bọ̀ láago méjìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà." Ó wá fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i nídìí.

Mẹ́fà nínú òbí mẹ́jọ yẹn kò kọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ó dáa. Kí n tò ó bó ṣe rí. Ọmọ mi wà lọ́dún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àti ìṣirò. Iṣẹ́ ìwádìí tó máa fi gboyè ló ń ṣe. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, ogójì fọ́ọ̀mù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òbí á sọ bó ṣe máa ń bá ọmọ rẹ̀ jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá tó: Rárá, Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Lọ́pọ̀ ìgbà, Nígbà gbogbo. Tíṣà á kọ máàkì ìṣirò ọmọ náà sí ìsàlẹ̀. Kò sí orúkọ, nọ́ńbà ọmọ nínú rẹ́jísítà nìkan ni. Ọmọ mi á wá kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á wò ó bóyá ìrànlọ́wọ́ àti máàkì jọ ń rìn pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé èmi ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ó kó ogójì fún mi, ó ní, "Màmá mi, iye tó bá padà náà ni mo fẹ́ o. Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu."

Iye tó bá padà náà. Ó sọ ọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Méjìlélógún ló padà. Àwọn tó kù... ìyá kan ní ọmọ òun ti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Bàbá kan dá a padà ní òfìfo, ó ní òun kì í fọwọ́ sí ìwé tí òun ò rí ìdí ẹ̀. Mo ní kò sí ibi ìfọwọ́sí níbẹ̀. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo délé tí mo tò wọ́n sórí tábìlì, tí mo rí i pé méjìdínlógún ló dín.

Mo lè dá a dúró níbẹ̀. Bí mo bá kó méjìlélógún fún un, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Àmọ́ ó ti fún mi lésì àwọn ilé-ìwé méjì àkọ́kọ́ kó tó dìgbà yẹn. Lórí fóònù. "Màmá mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ àtàwọn tí wọn ò ràn lọ́wọ́, ọgbọọgba ni." Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi gbọ́ "kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ìyẹn nìkan ni mo gbọ́. Ọdún mẹ́rin, owó ọkọ̀, ìwé, kí ó wá lọ dúró níwájú àwọn àgbà kó sọ pé òun wá a, òun ò rí i? Ó ṣàlàyé fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì. "Màmá mi, àìsí náà, èsì ni." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́.

Bó ṣe di ọ̀sán Sátidé nìyẹn, tí bàbá rẹ̀ wà lóde, tí mo ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù òfìfo méjìdínlógún, tí mo mú bíírò mẹ́ta: búlúù méjì, dúdú kan. Mi ò kàn ń fa ìlà lásán o. Mo mọ àwọn ọmọ mi. Mo mọ ilé tí wọ́n ti wá... ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ọmọ tó gba méjìdínlógún nínú ogún, ó dájú pé ẹnì kan ń jókòó tì í nílé. Nígbà gbogbo. Ọmọ tó gba mẹ́rin, ta ló ń wò ó? Rárá. Méjìdínlógún yẹn gbà mí ní odidi ọ̀sán kan. Ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Ó ń ṣe mí bíi pé òtítọ́ ni mò ń kọ, àwọn tó ni òtítọ́ ọ̀hún ló kàn ṣọ̀lẹ.

Ọmọ kan gbé ọwọ́ sókè nítòsí fèrèsé. Ó fẹ́ lo rọ́bà. Mo jẹ́ kó yá ti ẹnìkejì rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù.

Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tí mo gbàgbé nìyẹn. Ilé-ìwé méjì kò rí nǹkan kan, ilé-ìwé kẹta ló wá ń tàn bí iná. Inú ọmọ mi dùn díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó ní, "Màmá mi, ilé-ìwé yín mà dá yàtọ̀ o!" Mo ní a ń gbìyànjú. Ọlọ́run gbọ́ mi, ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn: a ń gbìyànjú. Ọ̀gá rẹ̀ ló wá ní, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan? Lọ bá àwọn tí èsì wọn gún jù sọ̀rọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí ni mo lè ṣe kí agogo méjìlá tó lù? Mo lè sọ pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti rìnrìn àjò. Mẹ́fà, lọ́jọ́ kan náà? Ṣé wọ́n jọ ń lọ síbi kan ni? Mo lè sáré pe ìyá onídìrí, nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju òdìkejì ọ̀nà lọ. Màá ní kó bá mi sọ pé òun ló kọ ọ́. Á gbà. Yóò ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" Inú rere ló fi máa bi mí. Màá wá dá a lóhùn pé, sọ pé o kì í ran ọmọ rẹ lọ́wọ́.

Háà.

Nítorí Rárá ni mo kọ fún un. Ọmọ rẹ̀ gba mẹ́ta. Òun náà sì ni... dúró ná. Òun náà ló wá bá mi ní sáà tó kọjá, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì yìí pẹ̀lú kóòmù nínú irun ara rẹ̀. "Tíṣà, mo máa ń fi oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀ orí kí n lè jókòó tì í. Ojoojúmọ́. Àwa méjèèjì a jọ máa sunkún. Kí ni mi ò ṣe tó?" Mo fún un lésì kan, mi ò rántí èyí tí mo fún un. Mo gbọ́ ọ, mo sì lọ kọ Rárá, torí pé mẹ́ta kò lè wá láti ilé tí wọ́n ti ń jókòó ti ọmọ.

Nọ́ńbà méje ńkọ́? Mọ́kàndínlógún nínú ogún. Nígbà gbogbo ni mo kọ fún bàbá rẹ̀ tó ń tún fáànù ṣe. Kò tíì pé oṣù kan tó dúró ní géètì, tó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn. "Èmi? Èmi ò mọ nǹkan kan nínú ìwé yẹn o, Tíṣà. Òun ló ń kọ́ mi!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì, mo mọ̀ ọ́n kí n tó mú bíírò. Kì í ṣe pé mi ò mọ ilé wọn. Mo mọ̀ ọ́n tán, mo wá kọ òdìkejì.

Kí ló dé?

Ọmọ mi. Ó di dandan kí n sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á yọ ogójì kúrò. Ó lè má rí Ọjọ́bọ̀ yìí lò mọ́, ó lè di sáà tó ń bọ̀, ó lè di odidi ọdún kan. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá já a, wọn ò ní sọ pé ìyá ló ṣe é. Òun ni wọ́n máa pè ní ayédèrú. Òun ni wọ́n máa lé. Ọmọ tó ní iye tó bá padà náà ni òun fẹ́.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì kìn-ín-ní. "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀ kó ṣubú díẹ̀. Ilẹ̀ ò kúkú jìnnà sí i." Ó máa ń rí mi láràárọ̀ lórí àga ní ilé ìdáná, tí ọmọ ń wẹ̀ lọ́wọ́, tí mo ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kó tó kó o lọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́ kó lè rí wọ́gọwọ̀gọ bí ọwọ́ ọmọdé. Ó gba ẹ̀bùn ìṣirò lọ́dún yẹn. Ó gbé ìwé ẹ̀rí náà wá fún mi, ó ní, "Màmá mi, ẹ gbà." Kò gbé e kọ́ ara ògiri tirẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ ni.

Ó yan ìṣirò ní yunifásítì. Gbogbo ènìyàn ní ó jọ mí. Nígbà tó ń wá àkòrí, ó jókòó síwájú mi, ó ń bó ọsàn, ó ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni òun fẹ́ wádìí. Mo bi í pé nínú gbogbo ohun tó wà láyé, kí ló rí níbẹ̀? Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Mo ní kí lo fẹ́ mọ̀? Ó ya awẹ́ kan, ó ya èkejì, kò jẹ ẹ́. "Bóyá ó ń ṣiṣẹ́." Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ ná. Wéré ni mo dá a lóhùn, kò tíì gbé ẹnu kúrò níbẹ̀. Ó wò mí, ó sì gbé ọsàn náà fún mi.

Ẹ fi pẹ́ńsù sílẹ̀, mo sọ fún wọn. Ẹ kó ìwé wá síwájú. Ọmọ ìyá onídìrí ló kọ́kọ́ dé, ìwé rẹ̀ kún fún ibi tó ti pa rẹ́. Mo gbà á. Mi ò wo èsì ìkankan.

Láti ojú fèrèsé, mo rí i ní géètì. Ó tètè dé. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, àwọn fọ́ọ̀mù ogójì wà nínú fáìlì lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń bá ọlọ́dẹ ṣàwàdà. Ọmọ mẹ́tàlélógún ọdún. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Bó ṣe fúyẹ́ náà nìyẹn lórí fóònù lọ́jọ́ tó ní ọgbọọgba ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀... Ẹ̀rín yẹn. Mo rò pé ó ń fi pa àìrí mọ́ ni. Kò pa nǹkan kan mọ́. Inú rẹ̀ dùn ni.

Kì í ṣe ọgọ́fà òbí ló ń bi. Èmi ló ń bi, ó kàn wá ọ̀nà tí kò ní fi bú mi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí tirẹ̀ ló gbé e débi tó dé, àbí ọwọ́ mi. Ilé-ìwé méjì ti dá a lóhùn pé orí rẹ̀ ni.

Ìkẹta, èmi ni mo bá a kọ ọ́.