Ohùn Bámikẹ́ ní Hòtẹ́ẹ̀lì Ìbà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mosúnmọ́lá ti ń kọrin jáàsì àti búlúùsì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Navy Town ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fọn fèrè fún àwọn ológun ojú omi, àwo orin àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ló sì máa ń gbé sí i nílé. Mosúnmọ́lá ti mọ àwọn orin náà sórí kó tó gbọ́ ìtumọ̀ Òyìnbó inú wọn.

Nígbà tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọ̀gá Jẹ̀lílì, olórí ẹgbẹ́ wọn, mú ọmọbìnrin kan wá láti máa gberin lẹ́yìn rẹ̀. Bámikẹ́ lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko.

Mosúnmọ́lá kọ́ ọ tọkàntọkàn. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi èémí pamọ́, àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìlù ṣíwájú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó fẹ́ràn ọmọ náà títí di Sátidé tí òtútù mú un, tí Bámikẹ́ dá kọrin. Mosúnmọ́lá jókòó sẹ́yìn, ó ń wo àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé ṣíbí oúnjẹ wọn sílẹ̀ láti gbọ́ orin. Wọn ò gbé ṣíbí sílẹ̀ fún òun rí. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò dún.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan Bámikẹ́ ló ń bí i nínú: ẹ̀rín rẹ̀, bàtà rẹ̀, "ẹ ṣé, Àǹtí" tó máa ń sọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó pe Sherif tó ń tẹ dùùrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bámikẹ́ ní kó o gbé ohùn orin òun sókè lónìí. Ó ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti rọ òun lọ́rùn jù."

Sherif gbà á gbọ́. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, Bámikẹ́ lanu, ohùn rẹ̀ sì fọ́ ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn oníbàárà. Ohun tí Mosúnmọ́lá ń retí ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Bámikẹ́ dákẹ́, ó jẹ́ kí dùùrù kọjá, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá, ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mosúnmọ́lá mọ̀ pé òun ò lè kọ ọ́ báyẹn láé.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Bámikẹ́ bi Sherif pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e sókè?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí Àǹtí sọ fún mi."

Bámikẹ́ yíjú sí Mosúnmọ́lá. Kò pariwo. "Àǹtí, ká ní ẹ sọ pé kí n má wá mọ́ ni, mi ò ní wá."

"Mo fẹ́ sọ ọ́," Mosúnmọ́lá dáhùn. "Ojú ló ń tì mí."

Bámikẹ́ kó ẹrù rẹ̀, kò sì padà wá. Fún oṣù kan gbáko, Ọ̀gá Jẹ̀lílì ò bá Mosúnmọ́lá sọ ju ọ̀rọ̀ orin lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Mosúnmọ́lá gbé máìkì lọ fún àtúnṣe ní Àlàbá, ó sì gbọ́ ohùn Bámikẹ́ lórí rédíò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin Ìgbò tó ń tún máìkì ṣe dáwọ́ dúró.

"Ta lèyí?" ó béèrè.

Mosúnmọ́lá ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó jáde síta, ó sì pe Bámikẹ́ lórí fóònù.

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Mo gbọ́ ẹ lórí rédíò. O tètè wọlé ní ìlà kejì."

Bámikẹ́ ní, "Mo mọ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa fura."

"Ohun tí mo ṣe sí ẹ kò dáa, Bámikẹ́."

"Kò dáa lóòótọ́, mà." Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ń kọrin ní Fúráìdè, lọ́hùn-ún ní Ìkòyí. Ṣé ẹ máa wá?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Nígbà tí Fúráìdè pé, Mosúnmọ́lá lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Ìlara mú un láti orin àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, síbẹ̀ kò dìde lọ.